Olùkọ́ Tí Ó Di Nọ́ọ̀sì: Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt àti Ọ̀rọ̀ Ọjọ́-Orí Nínú Iṣẹ́ Ìtọ́jú Aláìsàn

Ìfáàrà

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí ó múlé ti Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, inú agboolé ni iṣẹ́ ti ń bá ọmọ. Ìlù bàtá àti dùndún ni wọ́n fi mọ ìlú náà jù lọ. Ọmọ Àyàn ibẹ̀ kì í dúró di ìgbà tí ó bá gbọ́n tán kí ó tó yan iṣẹ́. Kí ó tó lè dá aṣọ ara rẹ̀ wọ̀ ni ó ti ń lu ohunkóhun tí ó bá bá nílẹ̀, omele ni yóò sì máa lù tẹ̀lé bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé e lọ́wọ́. Debra Klein, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 2007 lórí àwọn onílù bàtá Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti bí wọ́n ṣe ń bá àwọn òṣèré òkè-òkun da iṣẹ́ pọ̀. Ayé onílù yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjogúnbá náà ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò wọn.

Èrò pé kékeré ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ onílù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún alágbẹ̀dẹ, fún agbẹ́gilére, fún aláró. Òwe tí àwọn àgbà fi ń tì í lẹ́yìn ni pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún bá fi iṣẹ́ tí ó ti mọ̀ sílẹ̀, tí ó tún lọ jókòó sí ẹsẹ̀ olùkọ́ láti kọ́ òmíràn, ojú aláìdúró-sójú-kan ni àwọn ènìyàn fi ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ti relé ọkọ, ọ̀rọ̀ náà a tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ wà lọ́kàn wọn. Àwọn mìíràn ti gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n ti kọ́ni fún ọdún bíi mélòó kan, kí ọkàn wọn tó padà síbẹ̀. Ìbéèrè tí irú wọn máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí àti ọ̀rẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kò ti pẹ́ jù? Iṣẹ́ yìí gbé ìbéèrè náà lọ sínú ìtàn. Ẹni tí ó gbé ka iwájú ni Olóyè Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ ní Èkó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní London ní 1946, nígbà tí ó ti tó bí ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi hàn ni pé kì í ṣe òun ni ó pẹ́. Ìlẹ̀kùn ni ó tì, ó sì ní àwọn tí ó tì í.

Ta ni ó ń tọ́jú aláìsàn kí ilé-ìwòsàn tó dé?

Kí àwọn òyìnbó tó kọ́ ilé-ìwòsàn sí ilẹ̀ Yorùbá, ìtọ́jú ọmọ àti aboyún kì í ṣe iṣẹ́ ọmọge. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń se àgbo, àwọn ni wọ́n mọ ewé tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, àwọn ni wọ́n sì ń pè nígbà tí ìrọbí bá mú aboyún lóru. Ẹni tí kò tíì bímọ rí kò ní í gba ẹ̀bí, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ẹlẹ́wẹ ọmọ tí ó jókòó sí ọjà Òṣogbo tàbí ti Ìlobùú, obìnrin tí ó ti rí ayé ni. Ẹlòmíràn nínú wọn ti ta ata, ó ti ta aṣọ, kí ó tó jókòó ti ewé. Ìyẹn ni pé ní ojú Yorùbá, ọjọ́-orí jẹ́ ara ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí wọ́n lè fi ara aláìsàn lé lọ́wọ́.

Ilé-ìwòsàn ni ó yí èyí padà. Iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí agbègbè Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò tíì lọ́kọ, ni irú àwọn ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ sábà ń kó jọ láti kọ́ níṣẹ́. Ó rọrùn láti kó wọn sí ilé ìgbé kan náà, láti fún wọn ní aṣọ funfun, láti pàṣẹ fún wọn ní òru àti ní ọ̀sán. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwòrán nọ́ọ̀sì tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn di ti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àwọn ìyá àgbà padà sídìí ìkòkò àgbo wọn. Àwòrán tuntun yìí ti wá mọ́ni lára débi pé wọ́n ń pè é ní àṣà, bẹ́ẹ̀ àlejò ni.

Àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kì í ṣe ọmọdé

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó tí wọ́n dá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì òde òní sílẹ̀ kò fi ìgbà kankan rò pé ọmọdé ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Florence Nightingale, tí wọ́n bí ní 1820, wá láti ìdílé olówó. Àwọn òbí rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ àwọn kò ní í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ti àwọn obìnrin tí kò níláárí. Ọdún 1851 ni ó tó rí àyè lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù bíi mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí ó di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1854, ó kó àwọn nọ́ọ̀sì méjìdínlógójì lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì láti tọ́jú àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Crimea.

Ní ogun kan náà ni Mary Seacole ti lókìkí. Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní 1805, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó mọ egbòogi, tí ó sì ń gba àlejò sílé fún owó. Ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe ohun tuntun sí Seacole, ṣùgbọ́n òwò ilé àlejò ni ó fi ń jẹun. Nígbà tí ó bẹ àwọn aláṣẹ ní London ní 1854 pé kí wọ́n rán òun lọ síbi ogun pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ní 1855, ó ti tó bí ẹni àádọ́ta ọdún. Ìtàn ti Nightingale àti ti Seacole yàtọ̀ síra: èkíní ni ìdílé dí lọ́wọ́, èkejì ni ìjọba. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé oríṣi ìdíwọ́ méjèèjì ni ó tún padà pàdé Kófowórọlá ní Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà.

Owó tí àwọn ará ìlú dá láti fi yẹ́ Nightingale sí ni wọ́n fi dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Nightingale sílẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn St Thomas ní London ní 1860. Nínú ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún gbígba akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́-orí tí wọ́n kà sí èyí tí ó dára jù ni láti ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n títí dé márùn-dín-lógójì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń gbà lónìí, ọmọdé ni wọn ìbá pè é. Èrò wọn kò ṣòroó rí: ẹni tí yóò wà pẹ̀lú olókùnrùn tí ó ń kú lọ ní agogo mẹ́ta òru gbọ́dọ̀ ti gbọ́n díẹ̀.

Ìlẹ̀kùn tí ó tì ní Èkó

Èkó ni wọ́n ti bí Kófowórọlá Àbẹ̀ní Scott ní 1915, sínú ọ̀kan lára àwọn ìdílé tí ó ti tètè gba ẹ̀kọ́ àti ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St John, lẹ́yìn náà ó lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọbìnrin ti C.M.S., ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1869. Ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí ó jáde ni ó ti sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn.

Ó rọrùn láti ka ìyẹn sí agídí bàbá lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ipò sístà ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù, ti àwọn obìnrin tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Obìnrin aláwọ̀ dúdú lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, ó lè fọ ọgbẹ́, ó lè gbé ìgbẹ́ dànù, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò ní í di sístà. Òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò tilẹ̀ tíì sí. Ọdún 1947 ni ìyẹn tó dé. Bàbá tí ó bá ti fi owó rán ọmọbìnrin rẹ̀ dé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní àwọn ọdún 1930 yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi í sí ẹnu iṣẹ́ tí kò ní òkè. A lè bá a wí pé kò gbọ́ ti ọmọ, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò mọ ohun tí ó ń lọ.

Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ó kàwé nígbà náà ni iṣẹ́ olùkọ́. Kófowórọlá lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì United Missionary ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọ C.M.S. àti ti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1928 láti máa kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ó parí, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde ní Èkó, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí di nǹkan bí 1940. Ní 1941 ó fẹ́ Olú Pratt, apòògùn tí òun náà yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ìyípadà iṣẹ́ nínú ilé yìí kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí apòògùn bá fẹ́ di dókítà, àwọn ènìyàn a pè é ní ìlọsíwájú. Nígbà tí olùkọ́ obìnrin bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì, wọn a bi í pé kí ló ń wá kiri.

London, 1946

Kófowórọlá dé London ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Ìlú náà kò tíì gbádùn. Bọ́ǹbù ti ba apá púpọ̀ nínú Ilé-Ìwòsàn St Thomas jẹ́ láti 1940. Oúnjẹ ń lọ nípa ìwọ̀n, búrẹ́dì pàápàá wọ inú ìwọ̀n ní ọdún yẹn, òtútù tí ó mú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1947 sì wà lára èyí tí ó le jù nínú ìtàn ilẹ̀ náà, nígbà tí èédú tí wọ́n fi ń dáná yá kò tó. Inú èyí ni obìnrin tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn Èkó fún ọgbọ̀n ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Nightingale.

Ogun tí ó jà ni ó là á lọ́nà kan. Ṣáájú ogun náà, ilé-ìwòsàn púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba obìnrin tí ó ti lọ́kọ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àìtó nọ́ọ̀sì ni ó mú kí wọ́n dẹ okùn náà. Bákan náà, nígbà náà, ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ bí ti òde òní. Ilé-ìwòsàn ni ó ń fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, tí ó sì ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù, òun náà a sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí i. Iṣẹ́ náà pọ̀, owó náà kéré, ṣùgbọ́n ètò yìí ni ó jẹ́ kí àgbà tí kò ní ẹni tí yóò máa san owó ilé-ìwé fún un mọ́ lè tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń kọ ìtàn nípa ìgboyà ẹnìkọ̀ọ̀kan kì í sábà dárúkọ irú nǹkan báyìí.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ó ní ìdánwò ìpele àkọ́kọ́, ó sì ní àṣekágbá, èyí tí ó bá yege nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ní kíkún, S.R.N. Láti 1943 ni òfin ti fi ipò kejì kún un, S.E.N., tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú jù, tí ìgbéga rẹ̀ sì tètè dópin. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọ̀nà kúkúrú yìí ni wọ́n darí ọ̀pọ̀ obìnrin láti Áfíríkà àti Karíbíànì sí. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ títí wọ́n fi padà sílé pé ìwé ẹ̀rí náà kò níyì lọ́hùn-ún bí wọ́n ti rò. Kófowórọlá kò bọ́ sínú ìyẹn. Ní 1950 orúkọ rẹ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ S.R.N. Lákòókò ẹ̀kọ́ náà, aláìsàn kan kọ̀ pé kí ọwọ́ aláwọ̀ dúdú má kan òun.

Àwọn ìwé kan máa ń pè é ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1948. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìtàn máa fi ìṣọ́ra lo gbólóhùn náà. Ọmọ-Ọba Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti Abẹ́òkúta, ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-Ìwòsàn Guy's ní London láti 1938, ó sì di nọ́ọ̀sì onírẹ́jísítà ní 1941. Àwọn mìíràn láti Karíbíànì tilẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Iyì Kófowórọlá kò dín kù nítorí pé kò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní London. Ibi tí ó ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní tòótọ́ ni Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe pàtàkì jù.

Ohun tí ó kó bọ̀ wá sí Ìbàdàn

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sí Nàìjíríà ní 1954. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, ó ní ìwé ẹ̀rí kan náà tí àwọn sístà òyìnbó ní, ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní àgbáyé ni ó sì ti gbà á. Síbẹ̀ ìdènà ni ó kọ́kọ́ pàdé nígbà tí ó wá ipò sístà, nítorí pé ipò àwọn òyìnbó ni ìyẹn ṣì jẹ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ ti rí ní ogún ọdún sẹ́yìn kò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Ní ìkẹyìn, ó rí ipò náà gbà ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, U.C.H. Wọ́n fi òfin dá U.C.H. sílẹ̀ ní 1952, ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni ó sì ń lò nígbà náà kí ilé tirẹ̀ tó parí. Ọjọ́ ogún oṣù Kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé tuntun náà.

Ọdún mẹ́wàá ni ó fi gun àtẹ̀gùn náà. Ní 1964 ó di mátírọ́ọ̀nù U.C.H., ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò wà ní ipò náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òmìnira 1960 àti ìpinnu ìjọba láti fi ọmọ onílẹ̀ rọ́pò òyìnbó ràn án lọ́wọ́, ìyẹn kò ṣe é sẹ́. Ṣùgbọ́n àyè ṣíṣí nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ tí yóò bọ́ síbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti padà jáde nìyí. Ọdún 1965 kan náà ni wọ́n dá ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Kófowórọlá Pratt sì wà nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Títí di ìgbà náà ní Nàìjíríà, inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá: wò mí, kí o sì ṣe bí mo ti ń ṣe. Ọmọ Àyàn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun yóò mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì ní agbára tirẹ̀. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, bí ọ̀gá bá sì ṣe àṣìṣe, àṣìṣe náà di ìlànà. Ohun tí yunifásítì mú wá ni pé kí nọ́ọ̀sì lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ó lè ṣe ìwádìí, kí ó sì lè kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ti jókòó ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì United Missionary, tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní ìpele-ìpele, tí ó sì ti dúró níwájú kíláàsì fún ọdún mélòó kan, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún un. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ọdún tí ó lò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣòfò. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jọ pé wọ́n wà lára ìdí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí agbára bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó fi ọwọ́ bà.

Àwọn ipò yòókù kò nílò àlàyé púpọ̀. Ó ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn nọ́ọ̀sì, I.C.N. Láti 1973 sí 1975 ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1973 kan náà ni àjọ Àgbélébùú Pupa àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Justus Akinsanya, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì àti onímọ̀, kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní 1987 kí Pratt tó kú. Àkọlé ìwé náà pè é ní Nightingale ti Áfíríkà. Orúkọ ìyìn ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù: Nightingale kò fi ìgbà kan rí jà láti gba ipò tí wọ́n sọ pé àwọ̀ ara rẹ̀ kò yẹ. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí ìtàn rẹ̀ jọ ti Pratt nínú àwọn ará ìgbàanì, Seacole ni ó súnmọ́ ọn jù.

Ìlẹ̀kùn ti òde òní

Ìdènà àwọ̀ ti kúrò ní ilé-ìwòsàn Nàìjíríà. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ fún àgbà tí ó fẹ́ yí iṣẹ́ padà kò ní orúkọ búburú, nítorí náà kì í sábà di ọ̀rọ̀ ìjà. Ẹ jẹ́ kí á wo olùkọ́ kan tí ó ti gba NCE nínú Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ Ìtàn, tí ó ń kọ́ni ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ó sì fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Asùbíàró ní Òṣogbo. Ìrìn-àjò náà kò gùn. Ṣùgbọ́n ohun tí àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Bí olùkọ́ náà kò bá ní ti sáyẹ́ǹsì, yóò padà jókòó ìdánwò WAEC tàbí NECO pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó ń kọ́, bóyá nínú gbọ̀ngàn kan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ girama, yóò sì máa san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, nípa ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti ọgbọ́n ìkọ́ni tí ó ti kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mú nǹkan púpọ̀ kúrò nínú ẹrù náà, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì ń lò lójoojúmọ́.

Pé kí nọ́ọ̀sì mọ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bá jà. Ẹni tí yóò wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ máa méfò. Ibi tí ó yẹ ní wíwò ni pé ọ̀nà ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n là, wọ́n sì là á fún ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ mìíràn lè rí ètò ọlọ́dún méjì tí yóò sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì. Ní Amẹ́ríkà irú ètò bẹ́ẹ̀ wà tí kò tó ọdún méjì. Èyí wà lára ohun tí ó fà á tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó jẹ́ olùkọ́, akọ̀wé báǹkì tàbí olùṣírò owó nílé fi di nọ́ọ̀sì ní Houston àti Maryland lẹ́yìn ogójì ọdún. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, wọ́n ń lọ sí kíláàsì ní ọ̀sán. Ohun tí àwọn ẹbí wọn sọ pé ó pẹ́ jù nílé kò pẹ́ jù lọ́hùn-ún. Àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbogbo ọ̀nà rọrùn: ní 2017 ìjọba ibẹ̀ fòpin sí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ní England, iye àwọn àgbà tí ó ń wá ẹ̀kọ́ náà sì lọ sílẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ àti ibùsùn tí Kófowórọlá rí ní 1946, kò sí ẹni tí ó ń fún wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ń pàdánù olùkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùkù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé olùkọ́ méjì ni ó ní, bí ọ̀kan bá lọ, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Síbẹ̀, Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọbìnrin ti C.M.S. náà pàdánù olùkọ́ kan ní nǹkan bí 1940.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1992 ni Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt kú. Nínú gbogbo oyè tí ó gbà, láti ti Róyà Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì ní London dé ti àjọ Àgbélébùú Pupa, ọ̀kan wà tí kò ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ní 1975, àwọn ará Ìṣẹrì fi í joyè. Wọn kò pè é ní mátírọ́ọ̀nù, wọn kò sì pè é ní nọ́ọ̀sì. Ìyá Ilé Àgbo ni wọ́n pè é. Ó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún.